Láti Ẹnu Àgbà Dé Ojú Aṣọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Ya Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ funfun tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí lójú, tí a wá rẹ sínú aró, tí ibi tí ẹ̀kọ bò kò sì ní mu aró bí ibi yòókù. Bí a ṣe ń ṣe é kò le láti ṣàlàyé. Ohun tí ó máa ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró ni ohun tí wọn yóò yà. Wọn a wo àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a mú róbótó kan níhìn-ín, wọn a mú ìlà wíwọ́ kan lọ́hùn-ún, aṣọ a sì jáde láìní orúkọ tí a lè pè é. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn: ọ̀rọ̀ ni a ó kọ́kọ́ wá, inú ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ aṣọ yóò ti jáde, lẹ́yìn náà ni a ó tó fọwọ́ kan ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ya ẹ̀kọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà yìí hàn kedere láyé òde òní ni Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Níkẹ̀ẹ́. Ìlú Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ìyá ńlá rẹ̀ tí ó mọ aṣọ híhun àti aró rírẹ dunjú ni ó sì tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òfì àti ẹ̀bá ìkòkò aró ni ó ti kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó dé Òṣogbo, níbi tí àwọn ayàwòrán tí tọkọtaya òyìnbó, Ulli Beier àti Georgina Beier, kó jọ ní àwọn ọdún 1960 ti ń gbé ìtàn òrìṣà àti àlọ́ jáde lórí bébà àti aṣọ. Twins Seven-Seven, tí ó di ọkọ rẹ̀, wà lára wọn. Ní ọdún 1983 ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ láìgba owó.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í kàn ṣe àdàkọ aṣọ àtijọ́. Ó a máa yọ ojú kan, ìyẹn onígun mẹ́rin kan tí àwòrán wà nínú rẹ̀, nínú àdìrẹ Ìbàdàn, ó a fi ṣe ìró obìnrin tí ó wà nínú àwòrán, ó a yọ òmíràn, ó a fi ṣe omi odò tàbí ewé igi, títí tí gbogbo kánfáàsì náà yóò fi kún fún àwọn àmì tí àwọn aládìrẹ ìgbà kan mọ̀ lórúkọ. Ó lè tú wọn ká bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ wọ́n kí ó tó tú wọn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tí ó ń tú wọn ká, àṣẹ́kù ni yóò máa kó jọ.

Wíwá ọ̀rọ̀

Ẹ jókòó ti àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín, kí ẹ sì bèèrè oríkì orílẹ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí òwe tí ìyá rẹ̀ máa ń pa, tàbí orin tí wọ́n ń kọ nídìí iṣẹ́. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi fóònù ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé nìkan, nítorí oríkì ìdílé kan lè yàtọ̀ láti agboolé sí agboolé, èyí tí ó jẹ́ tiyín gan-an ni ó sì yẹ kí ó wà lára aṣọ yín. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìbọ òrìṣà kan pàdé, ẹ bi àwọn tí ó ni ín bóyá ó ṣeé gbé síta. Àwọn àmì kan wà tí kì í ṣe ti ọjà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ṣeé yà. “Sùúrù ni baba ìwà” dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú lè dì mú nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò parí rẹ̀ sí yíya bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tí ó jókòó lórí àpótí, irú àwòrán tí ó ti pọ̀ jù lọ́jà. Ẹ wá èyí tí ẹranko, ẹyẹ, ewé, irinṣẹ́ tàbí ilé wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe. Àdìrẹ Ìbàdàndùn mú òpó gbọ̀ngàn Mápó, ilé tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, ó sì tò ó mọ́ ṣíbí. Àdìrẹ Ẹyẹ pé kó oríṣiríṣi ẹyẹ jọ. Àdìrẹ Olókun kó ewé àti àwọn ohun abẹ̀mí sínú àwọn ojú ńláńlá. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán ọba àti olorì sí àárín aṣọ, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ọlọ́ba tàbí Júbílì. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú lójú ayé wọn ni wọ́n yà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹ ba àṣà jẹ́ bí ẹ bá ya ọ̀kadà sínú àdìrẹ, bí ọ̀kadà náà bá ti ní ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àlàyé tí ó kù lè ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì: “Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun.” Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ọ rí níbi àdúrà. Ẹyẹ mẹ́ta àti àwọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, aró tí a fẹ́ rẹ aṣọ sí sì ni a kọ́kọ́ dárúkọ.

Gbígbé ọ̀rọ̀ náà sórí bébà

Òfin kan wà tí ó dojú yíyà rú fún ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa fi bírò yàwòrán: ohun tí ẹ bá fi ẹ̀kọ kùn ni yóò funfun, ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni yóò dúdú. Nítorí náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun yàwòrán sórí bébà dúdú tàbí síléètì kí ojú yín lè mọ bí aṣọ yóò ṣe rí, dípò kí ẹ fi bírò dúdú yà á sórí bébà funfun.

Nínú àpẹẹrẹ wa, òfin yìí gan-an ni yóò bá wa sọ̀rọ̀. Agbe ni ó laró: ìlà tín-ín-rín nìkan ni a ó fi ẹ̀kọ fà yí ara rẹ̀ ká, gbogbo inú rẹ̀ yóò sì mu aró yó. Lékèélékèé ni ó lẹfun: a ó fi ẹ̀kọ kun gbogbo ara rẹ̀, a ó sì há ojú àti ìlà apá rẹ̀ jáde kí wọ́n lè gba aró. Àlùkò ni ó fa wàhálà, nítorí osùn pupa ni tirẹ̀, aró kan ṣoṣo ni a sì ní. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí a lè gbà. A lè fi òòyà há inú rẹ̀ ní ìlà kéékèèké nígbà tí ẹ̀kọ ṣì tutù, kí funfun àti dúdú máa tẹ̀lé ara wọn títí ojú yóò fi rí i bí àwọ̀ àárín. Tàbí kí a kọ́kọ́ ya agbe àti lékèélékèé, kí a rẹ aṣọ díẹ̀ títí yóò fi ní àwọ̀ ojú ọ̀run, kí a sá a kí ó gbẹ, kí a tó wá fi ẹ̀kọ bo àlùkò, kí a sì tún padà rẹ gbogbo rẹ̀ títí yóò fi dúdú. Ọ̀nà kejì yìí lẹ́wà jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọwọ́ tí ó ti mọ́ra, nítorí ẹ̀kọ tí ó kọ́kọ́ wà lára aṣọ kò gbọdọ̀ ṣí nígbà tí a bá ń ṣe èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòyà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá pín aṣọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Ìbàdàn kò fi àwòrán fọ́n káàkiri. A máa ń pín ojú aṣọ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan a ní iṣẹ́ tirẹ̀, wọn a sì máa padà wá ní ìtòtẹ̀léra tí ojú lè tẹ̀ lé. Fún wa, ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹni tí ó bá ń wo aṣọ láti òsì sí ọ̀tún lè máa kà á. Ẹ fi àwọn ojú kéékèèké sí àárín wọn fún ewé ẹ̀lú, igbá, tàbí àwòrán tí kò ní wúwo, kí aṣọ lè mí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí etí aṣọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Ṣónṣó ẹ̀yìn ìyẹ́ ló dára jù fún àmì. Àwọn tí ó ń lo páànù ní tiwọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń gé iṣẹ́ sára páànù kí a tó fi ẹ̀kọ ré e kọjá, gbọ́dọ̀ rántí pé inú lẹ́tà bí “o” àti “a” yóò já bọ́ bí wọn kò bá fi afárá kékeré dì í mú.

Aṣọ àti ẹ̀kọ

Òwú gidi ni kí ẹ rà, kì í ṣe àdàlù pẹ̀lú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá kì í mu ẹ̀lú. Yáàdì márùn-ún ni ìró kan. Ẹ gé e sí méjì, yáàdì méjì ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí ẹ bá rẹ wọ́n tán ni kí ẹ tó rán wọn pọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ sítáàṣì ọjà kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Aṣọ tí ó bá ṣì ní sítáàṣì lára yóò mu aró ní pálapàla, ẹ ó sì rò pé aró ni kò dára.

Láfún tí a kù dáadáa ni a fi ń ro ẹ̀kọ. Ẹ pò ó mọ́ omi tútù títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ gbé e kaná, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi jinná. Àwọn aládìrẹ a máa fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìwọ̀nba òkúta aláwọ̀ búlúù (kọ́pà súlféètì) tí àwọn oníkẹ́míkà ń tà, kí ẹ̀kọ má baà tètè kan kí ó sì lè di aṣọ mú. Májèlé ni òkúta náà. Ìkòkò tí ẹ bá lò fún un kò tún gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná, kí ẹ sì fi í pamọ́ fún àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀kọ náà tán lọ́jọ́ kan náà, ẹ lè fi òkúta yẹn sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ ẹ̀kọ náà bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó gbọdọ̀ ki bí ògì tí a fẹ́ dì sínú ewé: bí ẹ bá ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́ tí ẹ gbé e sókè, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì tẹ̀ lé ọwọ́ nígbà tí ẹ bá fà á lórí aṣọ. Èyí tí ó ṣàn yóò kọjá ìlà. Èyí tí ó ki jù yóò fọ́ bọ́ sílẹ̀ bí ó bá gbẹ.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tàbí pákó tí kò ní gbọ́ngungbọ̀ngun. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní ìdá méjì, ní ìdá mẹ́rin, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú ìṣẹ́po náà. Nígbà tí ẹ bá tú u, àwọn ìlà onígun mẹ́rin ti wà níbẹ̀ láìlo rúlà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ fa àwọn ìlà ńlá wọ̀nyí, kí ẹ tó wọ inú ojú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ adìẹ tí ó le ni ó dára fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyọ ọwọ̀ fún àmì kéékèèké, ọ̀bẹ kékeré fún ibi fífẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni a ń kùn. Ẹ̀yìn aṣọ yóò mu aró. Níhìn-ín gan-an ni ẹni tí ó mọṣẹ́ ti ń dá àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ ẹ̀rọ tí ó kún ọjà báyìí, nítorí ojú àti ẹ̀yìn iṣẹ́ ẹlẹ́kọ kì í rí bákan náà.

Ẹ sá aṣọ náà kí ó gbẹ gan-an, kí ó le gbagidi. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Ẹ̀kọ tí ó ṣì tutù nínú yóò ṣí nínú aró, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ náà yóò sì bá a lọ.

Aró

Ewé ẹ̀lú ni orírun aró wa. A máa ń gún ewé tútù nínú odó, a máa ń ṣù ú ní róbóróbó, a máa ń sá a gbẹ, òun sì ni wọ́n ń kó wá sọ́jà. Omi eérú ni a fi ń jí i. Ìkòkò méjì ni a ń gbé lé ara wọn, ti òkè ní ihò nídìí bí ajere. A ó kó eérú igi sínú ti òkè, a ó da omi lé e lórí, omi tí ó sì kán sí ti ìsàlẹ̀ ni a ń fẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó gbọdọ̀ máa yọ̀ bí omi ọṣẹ, ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà. Àwọn aláró àtijọ́ a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń jẹ ẹnu.

Ẹ fọ́ ìṣù ẹ̀lú sínú omi yìí, ẹ bò ó, kí ẹ fi sí ibi tí ó móoru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀lú kì í dà nínú omi fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí tí ó wà nínú ìkòkò ni ó ń jẹ afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀ kí ó tó lè wọ inú òwú. Ìdí nìyí tí a fi ń rọra rò ó láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ wọlé, ìdí náà sì nìyí tí aró kì í fi í dìde nígbà tí òtútù bá mú. Àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago ní láti gbé ìkòkò wọn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ń mú ilé móoru. Bí ó bá ti jí, ojú rẹ̀ yóò máa dán bíi bàbà, ìfófó aláwọ̀ aró yóò léfòó, òórùn rẹ̀ yóò sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Láyé àtijọ́, bí ìkòkò kan bá kọ̀ tí kò jí, Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà tí ó ń ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni àwọn aláró ń bẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ wo agbára omi eérú àti ooru ibi tí ìkòkò wà.

Ẹ ti aṣọ bọ inú aró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfún un, láìfọwọ́ ra á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ fà á jáde, kí ẹ fi kọ́ sórí igi. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ yóò sì sọ ọ́ di aró lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ó parí yíyípadà kí ẹ tó tún tì í bọ̀ ọ́. Iye ìgbà tí ẹ bá rẹ ẹ́ ni ó ń sọ bí yóò ṣe dúdú tó, kì í ṣe bí ó ṣe pẹ́ nínú ìkòkò tó, pípẹ́ nínú omi a sì máa rọ ẹ̀kọ. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá dúdú ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, nítorí yóò ṣí nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lo aró kẹ́míkà pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti háídírósì, kẹ́míkà tí ń mú afẹ́fẹ́ kúrò lára aró, báyìí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó yá, ó sì dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tí ó bo ojú, ẹ ṣe é ní ìta gbangba, kí ẹ sì máa da kọ́sítíìkì sínú omi tútù, kì í ṣe omi lé kọ́sítíìkì, nítorí ó lè hó sókè sí ènìyàn lójú. Ike tó nípọn tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Kọ́sítíìkì yóò jẹ àlùmíníọ̀mù. Omi aró tí ó ti gbóná kò dára fún ẹ̀kọ láfún rárá. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí aṣọ tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí ẹ̀kọ yóò fi rọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú há a kúrò, kí ẹ sì fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Agbe yóò ti dúdú, lékèélékèé yóò ti funfun, bóyá pẹ̀lú àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹ̀kọ ti sán, èyí tí mo fẹ́ràn ju funfun báláú lọ. Ẹ rán abala méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ó fẹ́ kí ó dán bí ti àtijọ́ a máa fi sítáàṣì díẹ̀ sí i, wọn a sì fi olù lù ú lórí ìtì igi.

Ẹ sá a síbi òjìji, kí ẹ sì máa dá fọ̀ ọ́ ní omi tútù. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ kọ orúkọ aṣọ náà, ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde wá, ìdílé tàbí ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, àti irú aró tí ẹ lò sí páálí kékeré kan tí ẹ ó so mọ́ ọn. Ẹni tí ó rà á ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀lú ni tàbí kẹ́míkà, nítorí iye owó wọn kò lè dọ́gba.